Ìbéèrè Tí Mo Yọ Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Màmá Suzanne

Kí ẹ tó pín àwọn èrò Arigbo ti ọdún yìí sí ilé-ilé, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹni tó ta àlejò yín lọ́dún tó kọjá. Màmá Suzanne kọ́. Èmi Rodolphe ni. Ẹ má kùn, ẹ má sì máa wo ojú ara yín. Ẹ kò kùn nígbà tí ẹ ń yọ orúkọ obìnrin yẹn kúrò láàárín yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ irọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ òótọ́ mi lónìí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì lọ jìnnà rárá, ó sì ti jẹ mí wọ egungun. Inú ń bí mi. Ara mi ni inú ń bí mi sí jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara mi nìkan, ẹni tó bá sì gbọ́ mi dópin á mọ ibi tí ìyókù ìbínú náà kọjú sí.

Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ níjòkòó yìí, mo sì rí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò ṣojú wọn, nítorí náà n óò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo oṣù kẹjọ ọdún, èrò máa ń ya bo Dassa láti wá kí Màríà nínú ihò àpáta Arigbo. Òtẹ́ẹ̀lì kì í gbà wọ́n tán. Àwa ará Lèma níhìn-ín náà a gbà wọ́n sílé, a tẹ́ ẹní fún wọn, a pọn omi fún wọn, torí àwọn bàbá wa kì í jẹ́ kí àlejò sùn síta. Nígbà tí èrò wá pọ̀ jù, tí ẹni tí a ń retí nílé kan ń ya sílé mìíràn, ẹgbẹ́ Agbàlejò wa yìí, tí àgbà wa Tọ́ńtọ̀n Léonard ń ṣe olórí rẹ̀, ní kí n kọ́ ìkànnì kan sórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo ti lọ kọ́ anfọmatíìkì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Cotonou, ẹnu mi sì gbòòrò. Mo ní: "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Lórí ìkànnì náà, èrò kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ilé tí yóò dé sí, yàrá tí yóò sùn, àti ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ bá onílé rẹ̀ sọ.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà kò ṣòroó yé. Àwa tó ń kọ́ ìkànnì kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn kan lókè òkun ti kọ́ ilé aláàbọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, pẹ̀lú ògiri, òrùlé, àti géètì tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwa kàn ń la yàrá sínú rẹ̀ ni. Géètì yẹn mọ ìbéèrè kan ṣoṣo í bi èèyàn: "Ta ni ọ́?" O kọ orúkọ rẹ, o kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ, ó sì ṣí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí ilé aláàbọ̀ kò lè dá mọ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó la yàrá ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: "Ṣé tìẹ ni èyí? Ta ló yọ̀ǹda kí o ṣí i?" Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n láìlọ sí Cotonou. Ẹni tó kágò lójúde wa, tí a dá a lóhùn, ọ̀ọ̀dẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ìyẹn kò ní kó lọ ṣí yàrá tí ìyàwó ilé ń sùn. Rachelle, tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, tó ń bá mi yẹ iṣẹ́ náà wò láti Parakou, bi mí pé: "Fofó, ìbéèrè kejì ńkọ́?" Fofó ló máa ń pè mí, torí mo jù ú lọ. Mo ní ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí ẹ ń dán an wò ni wàhálà dé. Ìyá kan lọ sóko, èrò rẹ̀ dé, aládùúgbò fẹ́ wo yàrá tí yóò mú un lọ, ìkànnì dá a lóhùn pé: "Èyí kì í ṣe tiyín." Tẹlifọ́nù ẹlòmíràn kú, ó lo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìkànnì lé e padà. Inú bí yín, ẹ̀tọ́ yín sì ni. Tọ́ńtọ̀n Léonard pè mí sí àgbàlá yìí kan náà, ó na ìka sí mi: "Ṣé ẹ̀rọ rẹ ló fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń gba àlejò ni? Níbí, àlejò ẹnìkan, àlejò agboolé ni. Ẹni tó bá wà nílé ló ń bu omi fún un. Système rẹ yìí, ahun ni, kò sì ní sọ wá di ahun. Yọ ọ́ kúrò." Ó mọ àṣà, kò mọ ẹ̀rọ. Èmi ni mo mọ ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé mo lè jẹ́ kí onílé kọ̀ọ̀kan dárúkọ àwọn aládùúgbò tó fọkàn tán, kí ìbéèrè kejì sì máa dá àwọn yẹn nìkan mọ̀. Iṣẹ́ díẹ̀ ni. Ọ̀lẹ ni mí, ìyìn yín sì ti gùn mí gàgà. Mo yọ ìbéèrè náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà gbogbo yàrá pátápátá. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti gba géètì kọjá lè ka ojú ewé ẹnikẹ́ni, kó kàn yí nímérò tó wà nípẹ̀kun àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ padà ni. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti ní onílé lòun, ìkànnì mi gbà á gbọ́ ni, kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Tọ́ńtọ̀n ní: "Báyìí ni ọmọ ilé ṣe ń ṣe." N kò sọ fún Rachelle. Mo mọ ohun tí yóò sọ, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ.

Odile wá láti Aklampa. Ẹ rántí rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Grégoire ọkọ rẹ̀ ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fara pamọ́ kiri, ó sì fẹ́ wá bá Màríà sọ ohun tí kò lè bá èèyàn sọ. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé rẹ̀ pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo wà. Ọkọ mi ń wá mi." Màmá Suzanne pè é lórí tẹlifọ́nù: "Ọmọ mi, máa bọ̀. Yàrá inú lọ́hùn-ún ni n óò fún ọ. Ọ̀rọ̀ rẹ kò ní jáde lẹ́nu mi." Kò sì jáde. Ẹ̀yin aládùúgbò bi í pé ta ni àlejò rẹ̀, ó ní ọmọ ìbátan òun ni. Opó tó ń dá gbé ni, ó fi ẹnu rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn fún ọmọ ọlọ́mọ, èmi ọ̀mọ̀wé sì ti ṣí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Grégoire gbọ́ pé Lèma ní ìkànnì. Ó forúkọ sílẹ̀ bí onílé. Ó ṣí ojú ewé kan, ó yí nímérò rẹ̀ padà, ó ṣí òmíràn, bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ilé onílé, títí ó fi kan orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ka ilé. Ó ka yàrá. Ó ka ẹ̀bẹ̀ tí ọmọ náà bẹ Màmá Suzanne pàápàá.

Ọ̀sán ló dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ yín ti bá èrò lọ síbi ihò àpáta. Kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó wọ yàrá inú tààrà, ó sì fi ọmọ odó lu Odile. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́, kò fi ríran mọ́ títí dòní. Màmá Suzanne so mọ́ ọkùnrin náà lẹ́yìn, Grégoire sì gbọn arúgbó náà lu ògiri, apá rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí ẹ sáré dé, tí ẹ dì í mú, tó rí i pé ibi gbogbo ti há mọ́ òun, ó fi ariwo bọ ẹnu: "Onílé rẹ̀ ló pè mí! Òun ló ní kí n wá mú ìyàwó mi!" Irọ́ ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ni, ọmọdé á mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ẹ sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́! Kí ló dé? Torí pé òun ni ọkùnrin? Torí pé Màmá Suzanne kò ní ọkọ tí yóò gbà á sílẹ̀, kò lọ́mọ tí yóò jà fún un?

Èmi kò lè wí àwáwí pé n kò mọ̀. Ìkànnì máa ń tọ́jú ipasẹ̀ ẹni tó bá wọ inú rẹ̀. Mo lọ wò ó, mo sì rí ipasẹ̀ Grégoire láti ojú ewé dé ojú ewé, ó hàn kedere bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nínú ẹrẹ̀. Mo sáré tọ Tọ́ńtọ̀n Léonard lọ, mo ní: "Tọ́ńtọ̀n, èmi ni mo fà á. Kò sí ẹni tó pe ọkùnrin yẹn. Ibi tí a ní kí n ṣí sílẹ̀ ló gbà wọlé." Tọ́ńtọ̀n jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, ó ronú, ó wá sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: "Rodolphe, ṣé o fẹ́ kí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ gbọ́ pé Lèma ò mọ àlejò gbà? Ta ni yóò tún wá sùn lọ́dọ̀ wa? Pa ẹnu rẹ mọ́. Àgbàlagbà ni obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ kì í pa àgbàlagbà." Tọ́ńtọ̀n, ẹ má tẹ orí yín ba, ẹ gbé ojú sókè kí wọ́n rí yín. Ẹ kò fi tipátipá mú mi. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo sì nu ipasẹ̀ Grégoire rẹ́ pátápátá. Mo dá ìbéèrè kejì padà sẹ́nu ọ̀nà gbogbo, bí olè tó jí nǹkan kó tán tó wá ń ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí Rachelle pè mí láti Parakou, tó ní, "Fofó, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti jáde?" mo bínú sí i. Mo ní ṣé ó rò pé òmùgọ̀ ni mí ni. Ó lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó rí ìbéèrè náà níbi tó yẹ kó wà, ó sì ní: "Ẹ má bínú, fofó. Mo gbà yín gbọ́." Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀ mí, èmi tí ọwọ́ mi kò tíì gbẹ.

Ìyẹn kọ́ ni èyí tó burú jù. Èyí tó burú jù, àgbàlá yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ mú Màmá Suzanne dúró láàárín, apá rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn. Kò sunkún. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni, ẹ ní irọ́ ni. Ó wá yíjú sí mi. Ó ti gbé mi pọ̀n rí, nígbà tí ìyá mi wà lọ́jà. Ó ní: "Rodolphe, ọmọ mi, ìwọ lo kọ́ nǹkan yìí. Sọ fún wọn. Ṣé ẹlòmíràn kò lè rí ohun tí ọmọ náà kọ sí mi?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó fẹ́ lẹ́nu mi. Mo wo Tọ́ńtọ̀n Léonard, ó ń wo ilẹ̀. Mo sì la ẹnu mi yìí, ẹnu tí mo fi ń gba ara Olúwa, mo ní: "Rárá, Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè rí i." Kò tó mi. Mo fi kún un: "Ẹ̀rọ kì í purọ́." Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ kò purọ́ lóòótọ́, èmi ni mo purọ́ fún un. Màmá Suzanne ní, "Ó dáa," ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó sì kọjá láàárín yín lọ sílé.

Ẹ̀yin ló ṣe ìyókù. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ Agbàlejò. Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi dẹ́kun àtimáa wá. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú, tó se oúnjẹ ìsìnkú, ẹ fi oúnjẹ náà sílẹ̀ fún eṣinṣin. Kò sí ohun tó burú nílẹ̀ yìí tó ẹni tó ta àlejò, mo mọ̀, òun náà sì mọ̀, ìdí nìyí tí kò fi bá yín jà. Èmi ńkọ́? Ẹ ń kí mi kú iṣẹ́. Àwọn ará Glazoué wá ní kí n bá àwọn náà kọ́ irú rẹ̀, mo sì lọ, mo wọ bàtà tuntun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn èrò kan tó tètè dé ń gba iwájú ilé Màmá Suzanne kọjá nínú oòrùn. Mo wà lórí alùpùpù mi lábẹ́ máńgòrò tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ó gbé omi jáde nínú ife, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rán an, ó kàn ń ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kékeré kan gba ife náà. Ìyàwó ilé kan níbí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀, pariwo sí ìyá ọmọ náà: "Má jẹ́ kó mu ún! Òun ló ta àlejò rẹ̀ fún ọkọ tó ń lù ú." Ìyá ọmọ já ife náà gbà, ó gbé e sílẹ̀ sórí òkúta, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Màmá Suzanne gbé ife náà. Ó da omi inú rẹ̀ nù, ó fọ ife náà, ó pọn òmíràn sínú rẹ̀, ó sì tún dúró síbẹ̀ ó ń retí ẹni tó kàn. Mo bú sẹ́kún lábẹ́ máńgòrò. Kì í ṣe àánú nìkan. Ìbínú ni, ìbínú tí n kò mọ̀ pé ó wà nínú mi, sí mi, sí Tọ́ńtọ̀n, sí obìnrin aláriwo yẹn, sí gbogbo àtẹ́wọ́ tí ẹ pa.

Mo lọ bá a. Ó ń ṣa ẹ̀pà lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀pà. Nígbà tí mo parí, ó ní: "Léonard mọ̀?" Mo ní ó mọ̀. Ó ní: "Ó mọ̀, ó sì wá síbi ìsìnkú àbúrò mi, ó bu oúnjẹ mi, ó gbé e sílẹ̀ bíi tàwọn yòókù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀pà. "Mo gbé ọ pọ̀n, Rodolphe. O fi ojú rẹ rí mi láàárín wọn, o sì fún wọn ní òkúta tí wọ́n sọ lù mí." Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì mí. Ó ní: "Dìde kúrò nílẹ̀. Kí ni n óò fi ẹkún rẹ ṣe? Ìtìjú lèmi jẹ, mo ṣì ń jẹun. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ló fọ́. Ọkọ rẹ̀ ń sọ fún adájọ́ pé èmi ni mo ránṣẹ́ pe òun, pé ṣe ni òun wá mú ìyàwó òun lọ sílé, ìjà sì ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kankan kò sí tó lè já a nírọ́. O ti nu ẹ̀rí rẹ́ lójú ẹ̀rọ, ó ku èyí tó wà lẹ́nu rẹ. Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti purọ́, kí o sì lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ Odile."

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọ̀la, mò ń lọ sílé ẹjọ́. Mo ti sọ fún Rachelle, ó kọ́kọ́ bú mi bú mi, ó wá ní òun á wá ṣàlàyé fún adájọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ṣe jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n ṣẹ̀wọ̀n, n óò ṣe é. Tọ́ńtọ̀n Léonard, àyè wà lẹ́yìn alùpùpù mi. Bí ẹ kò bá gùn ún, n óò dárúkọ yín níbẹ̀ láìsí yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ mi, ẹ gbọ́. Ilé aláàbọ̀ tí ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò mọ ẹni tó ń sùn nínú yàrá. Ó mọ orúkọ ẹni tó ń wọlé, kò mọ ohun tó wá ṣe, kò sì ní bá yín béèrè. Bí ẹ kò bá kọ ìbéèrè kejì sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ fún yín, ohun gbogbo á sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún yín, títí ọjọ́ tí ẹni ibi yóò fi yí nímérò kan padà. Bí àgbà bá ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò torí àṣà, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì kọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣe é ná, tí ẹnìkan fara pa, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì lè gba ẹnìkan là. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

N kò bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀, àwa la jọ ṣẹ̀. Mo bẹ Màmá Suzanne kí ó bá mi wá síbí lónìí, kí ó jókòó síwájú, kí ẹ sì rí i bí mo ti ń sọ ọ́. Ó kọ̀. Ó ní: "Ìwọ sọ fún wọn pé n ò ta ọmọ náà. Tí o bá sọ ọ́ tán, sọ èyí náà: kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má wá sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́la wá sọ fún mi pé òun ti mọ̀ látilẹ̀ pé èmi kọ́."